Kí Ìtànṣán Tó Kan Ẹnu, Ẹ Béèrè Nípa Itọ́

Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí ibùsùn àìsàn, tí ẹ gbé rédíò sí ìgbèrí, ẹ kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ òní, tiyín gan-an ni.

Mo ní ìbéèrè kan. Ìgbà wo lẹ ronú nípa itọ́ ẹnu yín gbẹ̀yìn? Itọ́ o. Bóyá ẹ kò tiẹ̀ ronú nípa rẹ̀ rí. Ohun tí à ń tu dànù ni. Àwọn àgbà ní a kì í tu itọ́ sílẹ̀ ká tún padà lá a. Ẹni tó ní in lẹ́nu kì í mọ̀ pé nǹkan iyebíye lòun ní.

Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tí wọ́n fi ìtànṣán wo jẹjẹrẹ ọ̀fun rẹ̀ sàn. Á sọ fún yín pé àrùn lọ, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n itọ́ bá a lọ. Á jí lóru, ahọ́n á ti lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Búrẹ́dì kò gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá mọ́. Ẹja tútù tó fẹ́ràn, kò mọ adùn rẹ̀ mọ́. Bó bá gbàdúrà tó gùn díẹ̀, ohùn á há. Bó bá ń tajà lọ́jà, kò lè polówó. Bó bá jẹ́ olùkọ́, kò lè dúró kọ́ ọmọ fún wákàtí kan láì sá lọ mu omi.

Kókó ọ̀rọ̀ wa rèé, màá sì máa tún un sọ nítorí ẹni tó bá pẹ́ dé. Ẹnu gbígbẹ tó ń tẹ̀lé ìtọ́jú onítànṣán ṣeé dín kù. Ó ṣeé dín kù o! Ṣùgbọ́n èyí tó lágbára jù nínú ohun tí a lè ṣe sí i, kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Nítorí náà, kí ìtànṣán tó kan ẹnu, ẹ béèrè nípa itọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú un díẹ̀díẹ̀.

Jẹjẹrẹ lè mú ahọ́n. Ó lè mú inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọ̀nà ọ̀fun, gògóńgò, tàbí ẹ̀yìn imú lọ́hùn-ún níbi tí ojú kò dé. Àwọn dókítà lè fi iṣẹ́ abẹ wò ó. Wọ́n lè fi oògùn wò ó. Wọ́n sì lè fi ìtànṣán wò ó. Nígbà mìíràn, wọ́n á da méjì pọ̀. Ti ìtànṣán yìí, ẹ̀rọ ńlá kan ni. Aláìsàn á sùn sórí tábìlì, ẹ̀rọ á máa ta ìtànṣán sí ibi tí àrùn wà. Kò ní rí i. Kò ní ta á lára lákòókò náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ń ṣe é láti Mọ́ńdè títí dé Fúráìdè, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí méje. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ìtọ́jú yìí ti gbà là. Mo bẹ yín, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ohun tí mo ń sọ sá fún un.

Níbo wá ni itọ́ ti ń wá? Ẹ fi ọwọ́ kan iwájú etí yín, níbi tí ṣegede máa ń wú sí lára ọmọdé. Ẹ ti kàn án. Orísun itọ́ tó tóbi jù wà níbẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Àwọn méjì mìíràn wà lábẹ́ egungun àgbọ̀n. Méjì tún wà lábẹ́ ahọ́n. Àwọn wẹ́wẹ́ wà káàkiri ètè àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tí a bá ń jẹun, àwọn tó wà níwájú etí ló ń tú itọ́ jáde jù. Nígbà tí a bá sùn, tàbí tí a kàn jókòó jẹ́ẹ́, àwọn tó wà lábẹ́ àgbọ̀n ló ń jẹ́ kí ẹnu wa tutù. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó lè tó lítà kan lóòjọ́.

Lítà kan! Iṣẹ́ tó sì ń ṣe kò kéré. Òun ló ń mú oúnjẹ rọ̀ kó tó wọ ọ̀fun. Òun ló ń gbé adùn oúnjẹ dé ahọ́n. Òun ló ń fọ eyín wa tọ̀sán-tòru, tó sì ń bá kòkòrò jà.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ojú ọ̀nà ìtànṣán gan-an ni àwọn orísun yìí wà. Wọn kò sì lágbára. Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sí ìkejì, itọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Èyí tó bá ṣẹ́kù á ki, á máa fà. Bí ìtànṣán tó kan orísun kan bá ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, orísun náà lè má sun mọ́ láéláé. Bí èyí tó kàn án bá mọ níwọ̀n, ó lè padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, láàárín ọdún kan tàbí méjì. Ṣé ẹ rí i? Bí ìtànṣán tó dé ibẹ̀ bá ṣe tó ni ẹnu á ṣe gbẹ tó. Ibẹ̀ ni ìrètí wà.

Nítorí àwọn dókítà ti kọ́ bí wọ́n ṣe lè yọ orísun itọ́ sílẹ̀. Láyé àtijọ́, ìtànṣán ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì, ó ń bo gbogbo ibẹ̀ mọ́lẹ̀, àrùn àti orísun itọ́ pọ̀. Lóde òní, ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní IMRT. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ há orúkọ yẹn sórí. I, M, R, T. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ike kan tó rọ̀ ṣe ìbòjú tó bá ojú aláìsàn mu rẹ́gí, kí orí rẹ̀ má baà yẹ̀ nígbà ìtọ́jú. Wọ́n á ya àwòrán inú orí àti ọrùn. Dókítà á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, á fi ilà yí jẹjẹrẹ ká, á sì fi ilà mìíràn yí orísun itọ́ ká. Àwọn onímọ̀ físíìsì á wá ṣírò bí ìtànṣán á ṣe máa ti igun oríṣiríṣi wọlé, tí á le níbi tí àrùn wà, tí á sì fúyẹ́ níbi tí itọ́ ti ń sun. Àgbẹ̀ tó ń ro koríko lẹ́bàá ẹ̀gẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù mọ bí wọ́n ṣe ń rọra darí ọkọ́. Irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ó ń ṣiṣẹ́. Ní Bìrìtéènì, wọ́n ṣe ìwádìí kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PARSPORT. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011. Wọ́n lo ọ̀nà àtijọ́ fún apá kan àwọn aláìsàn, wọ́n lo IMRT fún apá kejì. Lẹ́yìn ọdún kan, nínú àwọn ti ọ̀nà àtijọ́, 74 nínú 100 ni ẹnu wọn ṣì gbẹ débi tó ń ni wọ́n lára. Nínú àwọn ti IMRT, ó jẹ́ 38 nínú 100. N kò fẹ́ràn kí n máa ka òǹkà fún yín lórí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ti èyí tó ó kà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Wọn kò sì rí i pé àrùn àwọn tí wọ́n yọ orísun itọ́ sílẹ̀ fún ń padà ju ti àwọn yòókù lọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ níbí. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ṣeé ṣe. Bí jẹjẹrẹ bá ti sún mọ́ orísun itọ́ pẹ́kípẹ́kí, dókítà kò ní lè yọ ọ́ sílẹ̀, torí ẹ̀mí ló ṣáájú. Nígbà mìíràn, apá kan ṣoṣo ni wọ́n á lè gbà là. Apá kan náà dára. Ẹni tí orísun kan ṣẹ́kù fún ṣì lè jẹun.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, ọ̀rọ̀ ẹnu gbígbẹ là ń sọ, èyí tó ń bá àwọn tó gba ìtànṣán sí orí tàbí ọrùn nítorí jẹjẹrẹ. À ń sọ pé ó ṣeé dín kù, pé ṣáájú ìtọ́jú ni kí ẹ ti béèrè.

Béèrè lọ́wọ́ ta ni? Lọ́wọ́ dókítà tó fẹ́ ta ìtànṣán. Ní Nàìjíríà níbí, ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà ní ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ kan, NSIA-LUTH, tí wọ́n ṣí ní 2019. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó lè ṣe IMRT. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn náà ti ń tọ́jú jẹjẹrẹ pẹ̀lú ìtànṣán ọjọ́ ti pẹ́. Ibi yòówù kí ẹ wà, ẹ wí báyìí: “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa lè yọ orísun itọ́ mi sílẹ̀? Ṣé ti apá méjèèjì ni àbí ti apá kan?” Kò sí àrífín níbẹ̀. Mo mọ̀ pé a bọ̀wọ̀ fún dókítà nílẹ̀ wa, a máa ń rò pé bí a bá bi í ní ìbéèrè, á bínú. Dókítà tó mọṣẹ́ kì í bínú sí ìbéèrè yìí. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Owó ńkọ́? Owó rẹ̀ wúwo. Ìdílé ń ta ilẹ̀, wọ́n ń jẹ gbèsè, kí bàbá tàbí màmá lè rí ìtọ́jú gbà. Ó ń dùn mí, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀rọ ibi tí agbára yín dé kò bá lè ṣe IMRT, ẹ má padà sílé. Jẹjẹrẹ kì í dúró de èèyàn. Ẹ gba èyí tó wà. Àwọn ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí kò gba ẹ̀rọ ńlá.

Ẹ lọ rí dókítà eyín kí ìtànṣán tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣé ó ya yín lẹ́nu? Ọ̀fun ló ń dunni, kí ni eyín ń wá níbẹ̀? Ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa. Nígbà tí itọ́ bá dín kù, eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà kíákíá, pàápàá nídìí, níbi tó ti kan erìgì. Egungun àgbọ̀n tí ìtànṣán bá sì ti kọjá lára rẹ̀, ojú egbò rẹ̀ kì í tètè jinná mọ́. Bí wọ́n bá yọ eyín níbẹ̀ lẹ́yìn ìtọ́jú, ihò náà lè má dí. Egungun fúnra rẹ̀ lè kú. Nítorí náà, eyín tó bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ṣáájú ni kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n sì fún ojú ibẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kó san. Eyín tó ṣeé tún ṣe, kí wọ́n tún un ṣe. Kí wọ́n fún yín ní ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride tó pọ̀.

Láti ọjọ́ náà lọ, títí ayé, dókítà eyín yòówù tí ẹ bá bá pàdé, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ máa bá a sọ ni: “Mo ti gba ìtànṣán sí àgbọ̀n rí.” Bó ti lẹ̀ jẹ́ lẹ́yìn ogún ọdún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa eyín yín tu lẹ́bàá ọ̀nà nítorí pé ó rọ̀ lówó.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ ilé.

Omi ni. Omi díẹ̀díẹ̀, nígbà gbogbo. Ẹ má gbé ife ńlá mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹ wá gbàgbé di alẹ́. Ẹ gbé ike omi kékeré dání lọ sọ́jà, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ẹ gbé ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Nígbà ọyẹ́, tí gbogbo ara ń gbẹ, ẹ ta aṣọ tútù sínú yàrá kí atẹ́gùn ibẹ̀ lè rọ̀. Ẹ̀yin arákùnrin àti arábìnrin wa Mùsùlùmí, bí oṣù Ramadan bá dé nígbà tí ẹ wà lórí ìtọ́jú, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀, ẹ bá ààfáà yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀sìn ti yọ̀ǹda fún aláìsàn.

Ẹ fi omi oníyọ̀ díẹ̀ yọ ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ múlọ́múlọ́ fọ eyín. Orín le jù fún ẹnu tó ti bó. Àwọn omi ìfọ-ẹnu tí ọtí wà nínú wọn, ẹ má fi kan ẹnu, wọ́n á tún gbẹ ẹ́ sí i ni. Ọtí fúnra rẹ̀ ńkọ́? Sìgá ńkọ́? Aáṣáà ńkọ́? Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ pátápátá. Mo tún fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa: àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ọtí ni. Kò sí bó ṣe lè dára fún ẹnu tó ń ta.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń lá súwíìtì kí itọ́ lè sun. Wọ́n á máa lá a láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣúgà yẹn máa ba eyín jẹ́, torí itọ́ tó yẹ kó fọ̀ ọ́ kúrò kò sí. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà ń pe itọ́, ṣùgbọ́n kíkan rẹ̀ ń jẹ eyín, ó sì ń ta ẹnu. Ṣingọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà ló dára. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ xylitol sí lára.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló ká mi lára jù. Ẹnu ẹni la fi ń kọ méè jẹ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá ti abọ́ oúnjẹ sẹ́yìn, ẹ má sáré sọ pé ó ti ń ṣagídí. Ṣé ẹ ti gbìyànjú láti gbé gàrí gbígbẹ mì láì sí omi lẹ́nu rí? Bí ìrẹsì lásán ṣe ń rí lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Kò kọ oúnjẹ, oúnjẹ ni kò gbà á lọ́fun. Ẹ wo ohun tí Ọlọ́run fi jíǹkí wa nílẹ̀ Yorùbá yìí: ewédú! Ọbẹ̀ ilá! Ohun tó ń yọ̀, tó ń fà, tó ń gbé òkèlè sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ro àmàlà kó rọ̀, ẹ bu ewédú sí i dáadáa, ẹ fi gbẹ̀gìrì tì í. Ẹ dín ata kù, ẹ dín in kù gan-an, torí ata rodo á ta á bí ẹnu bá ti bó. Ògì tó lọ́wọ́ọ́wọ́ dára. Mọ́ínmọ́ín tó rọ̀, tí ẹ tẹ̀ mọ́ ọbẹ̀, dára. Ẹja, ẹ yọ egungun rẹ̀. Ẹran, ẹ ya á wẹ́wẹ́. Kí omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Kí ẹ sì ní sùúrù. Ẹni tó ń jẹun nínú ẹnu gbígbẹ á pẹ́ nídìí oúnjẹ. Ẹ má ṣe kó abọ́ kúrò níwájú rẹ̀.

Bí ẹ bá rí ohun funfun tó lẹ̀ mọ́ ahọ́n tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó ń ta, ẹ tètè padà sí ilé ìwòsàn. Oògùn wà fún un.

Oògùn tó ń pe itọ́ náà wà. Pilocarpine ni wọ́n ń pè é. Ara ewé igi kan ní ilẹ̀ Brazil, jaborandi, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ó ń ta orísun tó ṣẹ́kù jí. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé nǹkan ṣẹ́kù, ìdí mìíràn nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n ti yọ orísun sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó máa ń mú èèyàn làágùn, ó sì ń mú èèyàn tọ̀ lóòrèkóòrè. Kò bá gbogbo ẹni tó ní ikọ́ fée tàbí irú àìsàn ojú kan mu. Dókítà nìkan ló lè sọ ẹni tó yẹ. Ẹ sì gbọ́ o: oògùn kan tó ń jẹ́ orúkọ yìí wà tí wọ́n ń kán sójú. Ẹ má fi ti ojú sẹ́nu!

Ní ìlú Edmonton, ní Kánádà, àwọn dókítà kan ti ń fi iṣẹ́ abẹ gbé orísun itọ́ kúrò níbi tí ìtànṣán á gbà, kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. N kò sọ ọ́ kí ẹ lè máa wá a kiri. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè rí i pé ibi gbogbo tí wọ́n ti ń gbógun ti ẹnu gbígbẹ yìí, “kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀” ni wọ́n ń wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti parí tiyín ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ gba ìtànṣán lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, tí ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan fún yín? Ẹ má banú jẹ́. Ìtọ́jú ẹnu kì í pẹ́ jù. Ẹ padà lọ rí dókítà eyín lóṣù yìí. Ẹ bi dókítà yín bóyá oògùn tó ń pe itọ́ bá yín mu, àbí omi ìpara ẹnu tó ń rọ́pò itọ́. Omi díẹ̀díẹ̀, ọṣẹ tó ní fluoride, ewédú. Ọ̀pọ̀ ló ń rí ìrọ̀rùn bí wọ́n bá ń ṣe é lójoojúmọ́.

Ẹni tí ọjọ́ tirẹ̀ bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yìí, tó ń lọ bá dókítà onítànṣán fún ìgbà àkọ́kọ́, mú bébà báyìí. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé: Ṣé ẹ lè yọ orísun itọ́ mi sílẹ̀? Ṣé kí n lọ rí dókítà eyín ná? Bí ẹnu mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ta ni kí n wá bá? Fi bébà náà fún ẹni tó máa sìn ọ́ lọ, nítorí ojora lè mú ẹ gbàgbé bí o bá jókòó síwájú dókítà. Kí ẹ má ṣe dìde níbẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.